Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Oògùn Dapsone àti Àwọn Ará Uzuakoli

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ oògùn ni òwe yìí bá mu jù. Oògùn tí kò tó kì í wo àrùn. Èyí tí ó pọ̀ jù a sì máa di májèlé lára ẹni tí ó yẹ kí ó wò sàn. Ewé kan náà, egbò kan náà, ni ó lè wà lọ́wọ́ ẹni tí ń woni sàn àti ẹni tí ń pani lára. Ìwọ̀n ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Ìtàn tí a fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí jẹ́ ìtàn ìwọ̀n. Ó dá lórí dapsone, oògùn tí imí-ọjọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú èròjà rẹ̀, tí ó sì sọ ẹ̀tẹ̀ di àrùn tí a lè wò. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n kọ́kọ́ pò ó ní 1908. Síbẹ̀, nǹkan bí ogójì ọdún ni ó fi wà láyé kí a tó mọ bí alárùn ẹ̀tẹ̀ ṣe lè máa gbé e mì kí ara rẹ̀ sì gbà á. Oògùn ti wà nínú gbogbo àkókò yẹn. Ìwọ̀n rẹ̀ ni a kò mọ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ibi tí a ti rí ìwọ̀n náà ni Uzuakoli, ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbò, ní ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Abia lónìí.

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ ìtàn oògùn òyìnbó, orúkọ àwọn ìlú ńlá òkè òkun ni a sábà máa ń gbọ́. Ó yẹ kí a mọ̀ pé àwọn aláìsàn ilẹ̀ wa wà lára àwọn tí ó fi ara wọn wá ìmọ̀ yìí, àti pé ẹnikẹ́ni tí ó bá gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa ìwọ̀n yóò jìyà rẹ̀.

Ẹ̀tẹ̀ kí oògùn tó dé

Yorùbá ń pe àrùn yìí ní ẹ̀tẹ̀, Ìgbò ń pè é ní ekpenta, Haúsá sì ń pè é ní kuturta. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fà á. Hansen, oníṣègùn ará Norway, ni ó rí kòkòrò náà ní 1873. Awọ ara àti iṣan ìmọ̀lára ni ó máa ń bá jà. Bí iṣan bá ti kú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò ní mọ iná tàbí ẹ̀gún mọ́. Ẹni náà yóò fi ọwọ́ gbé ìkòkò gbígbóná láìmọ̀, egbò yóò wà, egbò yóò sì jẹ ìka run. Èyí ni àwọn ènìyàn rí tí wọ́n fi rò pé àrùn náà ń jẹ ara bí ikán ti ń jẹ igi. Ní òtítọ́, kì í tètè ràn. Ara ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lágbára tó láti ṣẹ́gun kòkòrò náà láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé ó wọlé.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Nàìjíríà, ẹ̀yìn odi ni a ń kọ́ ahéré sí fún ẹni tí àrùn yìí bá mú. Ní ìhà Àríwá, púpọ̀ nínú wọn wà láàárín ìlú, ṣùgbọ́n agbe ni iṣẹ́ tí ó kù fún wọn. Yorùbá pàápàá ní òwe kan tí ó fi ojú tí a fi ń wò wọ́n hàn: bí adẹ́tẹ̀ kò bá lè fún wàrà, ó lè yí i dànù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ire kan tí a ń retí láti ọwọ́ rẹ̀. Ibi nìkan ni ó lè ṣe.

Láti nǹkan bí ìparí ọdún 1920 sókè, àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì àti ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dá ibùdó sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn yìí. Ìjọ Scotland dá ti Itu sílẹ̀ ní 1928 lábẹ́ Dókítà Macdonald. Ti Garkida ní ìhà Àríwá bẹ̀rẹ̀ ní 1929. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ti Uzuakoli sílẹ̀ ní 1932. Àwọn Onítẹ̀bọmi náà ní tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oògùn tí ó wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà ni òróró chaulmoogra, tí a fún láti inú èso igi kan tí ó wá láti ilẹ̀ Éṣíà. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gún un sínú awọ ara, ó máa ń dunni púpọ̀, agbára rẹ̀ lórí àrùn náà kò sì tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wọ ibùdó wọ̀nyí kò retí pé àwọn yóò jáde níbẹ̀ láàyè.

Ọ̀kan nínú wọn ni Ikoli Harcourt Whyte, ọmọ Kalabari tí a bí ní Abonnema ní 1905. Ọ̀dọ́langba ni ó wà nígbà tí àrùn náà fi ara hàn. Ó wà lára àwọn aláìsàn tí ó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Port Harcourt, tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí àwọn aláṣẹ fẹ́ tú wọn ká ní 1928. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi bá ìjọba fà á kí wọ́n tó kó lọ sí Uzuakoli ní 1932. Ìtàn ìjà yìí ni Ọlá Rótìmí fi ṣe eré orí ìtàgé tí ó pè ní Hopes of the Living Dead. Ní Uzuakoli, Harcourt Whyte kó ẹgbẹ́ akọrin jọ láàárín àwọn aláìsàn, ó sì ń ṣe orin ní èdè Ìgbò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìgbò kọ́ ni èdè abínibí rẹ̀. Kò pẹ́ tí orin wọn fi di mímọ̀ káàkiri ìhà Ìlà-Oòrùn. Irú àwọn ènìyàn báyìí ni oògùn tuntun bá ní Uzuakoli: kì í ṣe àwọn tí ó jókòó de ikú.

Irú ohun tí dapsone jẹ́

Kò sí Yorùbá tí kò mọ imí-ọjọ́. A ń tà á lọ́jà, àwọn ìyá wa sì ń pò ó mọ́ ọṣẹ àti òróró fún èkúrú àti ìfọ́nra. Imí-ọjọ́ yìí náà ni ó wà ní àárín dapsone, ṣùgbọ́n kò rí bí ó ti rí lọ́jà mọ́. Bí a bá fi ojú inú wò ó, òrùka kábọ́ọ̀nù méjì ni ó wà níbẹ̀, òrùka kọ̀ọ̀kan ní kábọ́ọ̀nù mẹ́fà. Imí-ọjọ́ kan ṣoṣo dúró láàárín wọn bí afárá, ó so wọ́n pọ̀, ó sì gbé ọ́síjìn méjì dání. Ní ìpẹ̀kun òrùka kọ̀ọ̀kan ni náítírójìn kan wà pẹ̀lú háídírójìn méjì. Àwọn onímọ̀ ń pe irú àkójọ tí imí-ọjọ́ bá gbé ọ́síjìn méjì báyìí láàárín kábọ́ọ̀nù méjì ní sulphone.

Bí a ṣe ń pò ó kò ṣòro láti ṣàlàyé. A óò mú èròjà kan tí ó jẹ́ òrùka kábọ́ọ̀nù tí ó ní chlorine ní ìhà kan àti nitro ní ìhà kejì. Bí a bá pò ó mọ́ èròjà tí imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀, imí-ọjọ́ yóò lé chlorine kúrò, yóò sì di òrùka méjì mú. Lẹ́yìn èyí ni a óò fi ọ́síjìn kún imí-ọjọ́ náà. Ìpele tí ó kẹ́yìn ni pé kí a yí nitro padà di amino. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ni èyí, kì í ṣe iṣẹ́ àgbàlá. Àwọn èròjà tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè gba awọ ara wọlé, wọ́n sì lè ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Nítorí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n sì dáàbò bo imú àti ẹnu.

Ohun tí a ń rí lẹ́yìn iṣẹ́ náà ni lúlúù funfun tí kò ní òórùn, tí ó korò díẹ̀ lẹ́nu. Kò ní yọ́ àfi bí ooru bá dé nǹkan bí ìwọ̀n 175 ní ti Celsius. Omi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè yọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọtí líle àti ásíìdì tí a là yóò yọ́ ọ. Ooru ilẹ̀ wa kì í bà á jẹ́, kò sì nílò fíríìjì. Bí a bá gbé e jìnnà sí ìmọ́lẹ̀ àti omi, yóò pẹ́ púpọ̀ kí ó tó bàjẹ́. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀nà oko ṣe rí ní àkókò òjò yóò mọ̀ pé ìwà yìí kì í ṣe ohun kékeré fún oògùn tí a fẹ́ gbé dé abúlé.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ náà rọrùn láti lóye. Kòkòrò ẹ̀tẹ̀ ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe folate, èròjà tí kò lè bí sí i láìsí i. Dapsone jọ ọ̀kan nínú ohun tí kòkòrò náà fi ń ṣe folate. Kòkòrò náà á gbé e bí ẹni tí ó gbé kọ́kọ́rọ́ tí kì í ṣe ti ilé rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wọ inú ihò, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò ṣí. Àwa ènìyàn kì í ṣe folate fúnra wa. Inú oúnjẹ, pàápàá ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ni a ti ń rí i. Ìdí nìyí tí ohun tí ó dí kòkòrò náà lọ́wọ́ kò fi dí wa lọ́wọ́ ní ọ̀nà kan náà.

Ogójì ọdún láìrí ìwọ̀n

Emil Fromm àti Jakob Wittmann ni orúkọ àwọn tí ó pò dapsone ní Freiburg ní 1908. Ìmọ̀ kẹ́mísìrì ni wọ́n ń wá. Kò sí ìwòsàn lọ́kàn wọn. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 ni ilẹ̀ Jámánì gbé Prontosil jáde, tí gbogbo ayé sì rí i pé àwọn èròjà tí ó ní imí-ọjọ́ lè pa kòkòrò àrùn nínú ara. Èyí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ padà sí àwọn àkójọ àtijọ́. Ní 1937, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Ilé Ẹ̀kọ́ Pasteur ní Paris dán dapsone wò lára eku. Wọ́n rí i pé agbára rẹ̀ lórí kòkòrò ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé májèlé inú rẹ̀ ju tiwọn lọ.

Níbi yìí gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n tí a ń lò fún sulphanilamide àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni a gbé lé dapsone, èyí tí ó lè tó gíráàmù kan tàbí méjì lóòjọ́. Ara ènìyàn kò lè gbà á. Dípò kí wọ́n dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, wọ́n pa oògùn náà tì, wọ́n sì ń wá bí wọn yóò ṣe fi nǹkan mìíràn bò ó kí ó lè rọ̀. Promin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí báyìí: dapsone ni, tí a so mọ́ ṣúgà. Ní 1941, Guy Faget bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ní Carville, ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, ní abẹ́rẹ́ Promin. Ní 1943 ni ó kéde àbájáde rẹ̀. Egbò ń san, ojú ń mọ́, àwọn tí ọ̀fun wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ń mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀tẹ̀ pàdé ohun tí ó lágbára jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni a ń gún Promin sí, lójoojúmọ́, owó rẹ̀ sì ga. Kí ni ẹni tí ó wà ní Itu tàbí Garkida yóò fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ ṣe? Ní gúúsù Íńdíà, Robert Cochrane ronú pé ó dára kí a padà sí dapsone fúnra rẹ̀, ó sì ń gún un lábẹ́rẹ́ pẹ̀lú òróró. Ìbẹ̀rù láti fi ẹnu lo ó kò tíì kúrò.

Ohun tí a rí ní Uzuakoli

Ní 1947, John Lowe, oníṣègùn tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Íńdíà, dé Uzuakoli láti máa darí iṣẹ́ ìwádìí níbẹ̀. Frank Davey, tí ó ti ń bójú tó ibùdó náà láti 1936, ti kọ́ àjọṣe pẹ̀lú àwọn aláìsàn àti àwọn abúlé àyíká. Lowe àti akẹgbẹ́ rẹ̀ Smith bi ara wọn ní ìbéèrè kan tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn jù: bí Promin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dé inú ara, kí ni wọ́n ń dà?

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn aláìsàn, wọ́n wọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí mú wọn gbà pé dapsone tí ó ń tú jáde nínú ara ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà ní tòótọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, aṣọ olówó ńlá ni a ń rà wọ ìránṣẹ́ tí ó lè ṣiṣẹ́ láìwọ̀ ọ́. Wọ́n tún rí i pé bí a bá gbé dapsone mì, gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ni yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, kò sì ní tètè jáde. Lónìí, a mọ̀ pé ó ń gbà tó nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Ẹni tí ó bá gbé ti òní mì, ti àná ṣì wà níbẹ̀. Èyí ni àṣírí tí ó fara sin fún ogójì ọdún. Àwọn tí ń fúnni ní gíráàmù kan tàbí méjì lóòjọ́ ń rọ omi sínú àgbá tí kò jò.

Nítorí náà, Lowe bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, ó ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un, ó sì dúró sí mílígíráàmù ọgọ́rùn-ún mélòó kan lóòjọ́. Àwọn aláìsàn gbé e mì, wọ́n sì wà láàyè. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àrùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Ó kéde iṣẹ́ náà ní 1949 àti 1950. Ó tọ́ kí a sọ pé kì í ṣe Uzuakoli nìkan. Floch àti Destombes ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Guiana àwọn Faransé ní àkókò kan náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Uzuakoli wà lára ohun tí ó mú kí dapsone ẹlẹ́nu di oògùn ẹ̀tẹ̀ ní ibi gbogbo, nítorí pé ó wọn ohun tí àwọn mìíràn ń méfò lé lórí.

A kò gbọ́dọ̀ fojú fo àwọn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Kò sí ìwọ̀n tí a lè rí láìsí ara tí a wọ̀n ọ́n lára rẹ̀. Àwọn aláìsàn Uzuakoli gbé oògùn tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù mì, wọ́n sì ń padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Àwọn tí òwe wa ní wọn kò lè fún wàrà ni wọ́n fún gbogbo ayé ní wàrà yìí. Harcourt Whyte wà lára àwọn tí a kéde pé ara wọn ti dá ní 1949. Kò kó kúrò nínú iṣẹ́ orin rẹ̀. Ó ń bá a lọ títí ìjàǹbá ọkọ̀ fi pa á ní 1977.

Nítorí pé hóró oògùn ni, tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n, kò pọn dandan mọ́ kí aláìsàn fi ilé sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí abúlé, àwọn aláìsàn ń pàdé wọn lábẹ́ igi, wọ́n ń gba tiwọn. Ibùdó tí ó ti jẹ́ ibi àlọ-àìpadà di ibi tí ènìyàn ti ń gba ìwé pé òun lè padà sílé. Uzuakoli kò sì dúró níbẹ̀. Ní 1962, Stanley Browne àti Hogerzeil kéde ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lórí clofazimine fún àrùn ẹ̀tẹ̀. Ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 ni ó dá iṣẹ́ náà rú. Ní 1969, ojú ogun dé ìlú náà fúnra rẹ̀.

Ewu tí ó wà nínú rẹ̀

Bí a bá yin dapsone tán láìsọ ewu rẹ̀, a ti pa ìdajì ìtàn mọ́. Ewu àkọ́kọ́ ni ti ẹ̀jẹ̀. Dapsone lè fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa kí ọjọ́ wọn tó pé. Ó tún lè yí ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ padà tí kò fi ní lè gbé ọ́síjìn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ yóò dúdú bí ṣokoléètì, ètè, ahọ́n àti èékánná yóò sì ṣe bí aró. Bí èyí bá pọ̀, ẹni náà yóò máa mí gúlegúle.

Ó yẹ kí àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fetí sí èyí ju ẹlòmíràn lọ. Àwọn kan wà láàárín wa tí a bí pẹ̀lú àìtó èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní G6PD. Ní gúúsù Nàìjíríà, ó tó nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún. Wọn kò ṣàìsàn. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé àwọn ní i. Ní 1969, Lucio Luzzatto àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn fi hàn pé kòkòrò ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò ní èròjà yìí tó. Ohun tí ó dáàbò bò wá lọ́wọ́ ibà ni ó wá ṣí wa sílẹ̀ fún irú oògùn bíi dapsone. Àní methylene blue, tí a fi ń wo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, lè ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ibi.

Ewu kejì kò wọ́pọ̀ ṣùgbọ́n ó le jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ oògùn, ara ẹlòmíràn a gbóná, èélá a bo awọ rẹ̀, kókó a wú lọ́rùn, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ a sì dàrú. Lowe àti Smith ti ṣàkíyèsí rẹ̀ ní Uzuakoli ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹni tí èyí bá ṣe gbọ́dọ̀ dá oògùn náà dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó tètè lọ sọ́dọ̀ dókítà, kò sì gbọ́dọ̀ tún padà sídìí rẹ̀ láéláé. Nítorí gbogbo èyí, dapsone kì í ṣe oògùn tí a ń rà lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri oògùn nínú mọ́tò. A kò gbọ́dọ̀ fi í sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé ti lè tó o.

Nígbà tí a bá gbàgbé ìwọ̀n

Ìtàn tí ó tẹ̀lé Uzuakoli fi hàn pé ìwọ̀n kò mọ sí iye mílígíráàmù nìkan. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, dapsone nìkan ni wọ́n fi ń bá ẹ̀tẹ̀ jà. Àwọn aláìsàn ní láti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn mìíràn títí ayé. Ó sú ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ń lò ó lónìí, wọ́n ń fi í sílẹ̀ lọ́la. Àwọn kòkòrò tí kò kú kọ́ bí a ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1964, Pettit àti Rees fi ẹ̀rí hàn ní Malaysia pé kòkòrò ẹ̀tẹ̀ tí dapsone kò ràn mọ́ ti wà. Àjáǹkú tí ọdẹ kan kò lè pa, àwọn ọdẹ púpọ̀ ni ó ń dìde sí i. Láti nǹkan bí 1982 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa lo oògùn mẹ́ta pọ̀: dapsone, rifampicin àti clofazimine tí a kọ́kọ́ dán wò fún ẹ̀tẹ̀ ní Uzuakoli. Oṣù mẹ́fà sí méjìlá ni ó ń gbà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti ìhà ibà. Ní 2003, a gbé oògùn ibà kan jáde ní Áfíríkà tí ó so dapsone pọ̀ mọ́ chlorproguanil. Ó wo ibà, ó sì pọ́ọ́kú lówó. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọmọ tí kò ní G6PD tó, tí ibà sì ti jẹ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń lọ sílẹ̀ gan-an. Ní 2008, wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Ìwọ̀n tí ara àgbàlagbà kan gbà kì í ṣe ìwọ̀n tí ara gbogbo ọmọdé yóò gbà.

Ẹ̀kọ́ kẹta dùn wá jù, nítorí pé àárín wa ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní 2024, àpapọ̀ oògùn mẹ́ta yìí tán ní Nàìjíríà. Òfin tuntun lórí àyẹ̀wò oògùn tí ó ń wọlé láti òkè òkun ni ó dá a dúró, kò sì padà wọlé títí di 2025. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé àyẹ̀wò oògùn kò dára. Ṣùgbọ́n iṣan tí ó kú nígbà tí aláìsàn ń dúró kò ní jí mọ́ nígbà tí oògùn bá dé. Oògùn tí a wọ̀n dáadáa tí kò dé ọwọ́ aláìsàn kò yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú ìwé àwọn ará Freiburg ní 1908.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú àròkọ yìí, a ti rí i pé èròjà kan tí imí-ọjọ́ wà láàárín rẹ̀ jẹ́ ohun ìyanu nínú ìwé, ó di májèlé nínú ìwọ̀n tí ó pọ̀ jù, ó sì di ìwòsàn nígbà tí a wọ̀n ọ́n lára àwọn ènìyàn Uzuakoli. A rí i pé ewu rẹ̀ kò lọ rárá; a kàn mọ bí a ti ń ṣọ́ ọ ni. Ẹ̀tẹ̀ kò sì tíì tán. Ó ju 1,000 ènìyàn lọ tí a ń rí i lára wọn ní Nàìjíríà lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì pẹ́ kí wọ́n tó wá nítorí ìtìjú.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí àmì funfun tàbí pupa lára rẹ̀ tí kò mọ ìfọwọ́kàn, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí a bá fún ní oògùn, kí ó lò ó bí a ti wọ̀n ọ́n, kí ó lò ó tán, kí ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì bí ara rẹ̀ bá yí padà. Ẹ̀yin aláṣẹ tí ẹ ń ṣọ́ ibodè, ẹ yẹ oògùn wò, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àyẹ̀wò pẹ́ ju ohun tí iṣan ènìyàn lè fara dà lọ. Ìyẹn pẹ̀lú ní ìwọ̀n.